Orí Ère tí Kò Dé Ojú Oórì: Iṣẹ́ Ìrántí Kan ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àwa tí à ń fi símẹ́ǹtì mọ ère sójú oórì kì í sábà kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀. Ère ti dúró, owó ti pé, ó tán nìyẹn, a kọjá sí òmíràn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ère kò dúró, owó kò sì pé. Mo gbààyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé kí n tó kọ ọ́, mo sì yọ orúkọ ìlú àti ti ẹbí kúrò. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán lọ sí ìhà Ìsin rí yóò mọ irú ilé tí mò ń wí: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lára, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí osùn, oórì méjì wà níwájú ilé, wọ́n sì ń sá ẹ̀gẹ́ lórí ọ̀kan nínú wọn.

Bó ṣe wà kí wọ́n tó pè mí

Ìyá kú lẹ́ni ọdún 84, nínú oṣù kejì ọdún. Awunṣọ ni. Òfì obìnrin ló ń lò, èyí tó máa ń dúró ṣánṣán ti ògiri yàrá, tí awunṣọ ń jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe irú ti àwọn ọkùnrin awunṣọ Ìlọrin, tí òwú rẹ̀ ń nà gbọọrọ lọ síwájú, tí aṣọ òkè sì ń jáde níbẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Kíjìpá ni tìyá: ó fẹ̀, ó nípọn, ó wúwo lára. Wọ́n ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, nítorí ẹni tó bá ra ọ̀kan lè má ra òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní ìyá a máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rín: "Ẹ wá wo ọ̀lẹ tó ń hun ún o."

Baba àwọn ọmọ ti kú tipẹ́. Mùsùlùmí ni, ìyá sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Níhà tiwa níbí, kò sẹ́ni tó ń pe ìpàdé ẹbí lé ìyẹn lórí. Àkọ́bí wọn tọ ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Èkó ló ń gbé. Èkejì tọ baba lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ti lọ Mẹ́kà, Ìlọrin ló ti ń ṣòwò. Àbígbẹ̀yìn, obìnrin, ló wà nílé. Tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló sì tọ́jú ìyá fún ọdún 11 tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Wọ́n ṣe òkú náà bó ṣe yẹ. Fléèsì ńlá bo iwájú ilé, ẹbí wọ ànkárá kan náà, màlúù wó lulẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé gbogbo ayé ló sunkún lọ́jọ́ náà àfi àbígbẹ̀yìn. Oúnjẹ ló ń pín. Àwọn kan ní akin obìnrin ni. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa tọ́jú arúgbó, ó rí ìsinmi.

Oṣù kẹwàá ni àkọ́bí pè mí lórí WhatsApp. Ère ìyá òun ló fẹ́, ní ìjókòó, kó tóbi bí ènìyàn gan-an, kó sì wà lójú oórì kí ọdún tó yípo. "Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá lọ mọ̀ pé ibí ni ìyá mi wà." Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ti ọjọ́ ìbí 80 ọdún tí wọ́n ṣe ní Èkó. Gèlè rẹ̀ dúró bí ìyẹ́ ọ̀kín, àtíkè ti bo pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ètè pọ́n. Ó san ìdajì owó lọ́jọ́ náà gan-an.

N kò lọ wo ilé. N kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Fọ́tò ti dé, owó ti dé, mo gé irin.

Ère àkọ́kọ́

Fún ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí: irin la kọ́kọ́ ń tẹ̀ bí egungun, a ó fi wáyà onínẹ́ẹ̀tì wé e, ká tó máa gbé símẹ́ǹtì lé e nípele nípele. Páànù símẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta ni mo ń pò. Tó bá di ojú, mo máa ń fi asẹ́ yọ gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ inú yanrìn kúrò. Lẹ́yìn náà, omi ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kó má baà sán. Oṣù kejìlá ni mo mọ ti ìyá yìí. Ọyẹ́ le lọ́dún náà. Bí mo ṣe ń rin omi sí i ni afẹ́fẹ́ ń fà á mu. Ọrùn rẹ̀ sán, mo dí i. Mo rò pé wàhálà tó wà nínú iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù kìn-ín-ní la fi ọkọ̀ akóyanrìn gbé e lọ, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ìdí rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé ni. Ó yí ère náà po lẹ́ẹ̀mejì. Kò wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ méjèèjì tí mo tẹ́ lé itan bí ti ẹni tó ń dúró de olùyàwòrán. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó wọlé lọ bu omi wá fún wa.

Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé, ìyàwó àbúrò baba wọn. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde, ó dúró síwájú ère, ó ní:

"Ta lẹ gbé wá yìí?"

Àwọn ọmọṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Mo yọ fóònù, mo fi fọ́tò hàn án. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó dá a padà fún mi. "Ìyá Èkó nìyí. Kò gbé ìlú yìí."

Lójú tèmi, ojú ló kù díẹ̀ káàtó, ojú sì ṣeé tún mọ. Mo fi òòlù àti irin gé orí náà níbi tó ti sán tẹ́lẹ̀, mo dì í sínú àpò símẹ́ǹtì, mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ara ère kù sójú oórì láìlórí. Ẹ̀sìẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn bí a ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Mo máa ń kó àwọn ọmọṣẹ́ mi lọ síbẹ̀. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí ti kán kúrò lára wọn. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ìbéèrè tí àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ń bi mí níbẹ̀ ni pé ta ni wọ́n jọ. Ìbéèrè kan náà ni èmi náà ń gbé káàkiri, pẹ̀lú bí mo ṣe dàgbà tó nínú iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta, Alhaji ti Ìlọrin dé. Ó bá ère aláìlórí lójú oórì ìyá rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Síbẹ̀ ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa lórí fóònù, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, kó tó wá sọ pé: "Ọ̀gá, n kò bá yín jà o. Iṣẹ́ yín lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá ṣe àdúrà fún ìyá mi, ṣé ère ni n ó kọjú sí?" Omi lòun fẹ́ gbẹ́ síwájú ilé kí gbogbo àdúgbò máa pọn, kí ẹ̀san rẹ̀ máa tọ ìyá lẹ́yìn. Sàdákà tí kì í dáwọ́ dúró ló pè é.

Mo fẹ́ fi ọgbọ́n bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ìtàn Làmídì Fákẹ́yẹ agbẹ́gilére fún un, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tiwa, Mùsùlùmí, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Areogun ará Ọ̀sí, tó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Alhaji gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Ó gbẹ́ ẹ fún àwọn tó fẹ́ ẹ. Kò gbé e lé ìyá rẹ̀ lórí."

Mo ṣì ń wá èsì tí n ó fún un.

Èkó gbọ́, Ìlọrin fèsì, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ti ẹ̀sìn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jágbe mọ́ ara wọn lórí fóònù. Wọ́n bi àbígbẹ̀yìn pé kí ló fẹ́, ó ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́." Wọ́n tún bi í, èsì kan náà ni. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń sun tiwọn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n sun, ọ̀kan pẹ̀lú símẹ́ǹtì, èkejì pẹ̀lú omi. Ẹni kẹta ló dákẹ́, kò sì sí ẹni tó kà á sí, èmi náà kò kà á sí.

Yàrá ẹ̀yìn

Mo padà lọ bá ìyá àgbà kó lè júwe pélé olóògbé fún mi. Ó gùn ni àbí ó kúrú? Mo mú bébà àti pẹ́ńsùlù dání. Ó jẹ́ kí n yà á tán, kó tó bi mí bóyá mo ti rí ère ìbejì rí. Mo ní mo ti rí i.

Ó ní òun bí ìbejì nígbà èwe, ọ̀kan lọ. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀. "Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi osùn pa á lára, mo bọ́ ọ, mo gbé e sùn. Nígbà tó yá, imú ti lọ, ojú ti lọ, orí rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹyin. Ṣé kí n wá ní kì í ṣe ọmọ mi mọ́ ni? Ọwọ́ mi ló jẹ ojú rẹ̀."

Ohun tí gbogbo agbẹ́gilére mọ̀ ni, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ère ìbejì kì í jọ ọmọ tó kú. Bí ẹni tó ti dàgbà ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọmú, pẹ̀lú irun dídì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta ló lọ. Láwọn ọdún 1970, nígbà tí kámẹ́rà ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ohun tí àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún ń ṣe ni pé wọn á ya ìbejì tó wà láàyè, wọn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, ó di méjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn á pààrọ̀ aṣọ fún un. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ojú ẹnì kan náà ni. Wọ́n á gbé e kọ́ ògiri bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà fi ọ̀pá tọ́ka. "Wọ yàrá ẹ̀yìn, ọmọ mi, kó o lọ wo ohun tó ń ṣe é."

Òfì dúró ti ògiri níbẹ̀. Kíjìpá kan wà lórí rẹ̀ tí kò tíì dé ìdajì, funfun, pẹ̀lú ìlà aró méjì méjì. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra ṣì wà láàárín òwú, bí ìgbà tí ẹni tó ni í yọjú síta láti kí àlejò. Apótí ìjókòó wà níwájú rẹ̀, ìdí ti jẹ ojú rẹ̀ wọlé. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo yàrá náà, ó bo fèrèsé, ó bo àpótí aṣọ. Kò sí eruku kankan lára òfì. Ẹnì kan ń nù ún.

Àbígbẹ̀yìn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé ta ló ni aṣọ náà. Kí n má baà dákẹ́ ni mo ṣe béèrè.

"Màmá ní tèmi ni."

Mo ní ó mà dára o. Kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lára òfì: "Èmi ni mo gbé òwú pa mọ́."

Dókítà ló ní kí ìyá sinmi. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ kò kúrò nídìí òfì. Lọ́jọ́ kan ọmọ kó gbogbo òwú nílẹ̀, ó purọ́ pé òun ti fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ìyá kò bá a jà. Ó kàn ń wọ yàrá náà lójoojúmọ́, ó ń jókòó sórí apótí, ó ń wo aṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sùn, kò jí.

"Ọwọ́ wọn ṣófo, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọ́n kàn tẹ́ ọwọ́ lé itan."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí èmi gbé wá sójú oórì.

Ìyá àgbà ti tọ̀ wá wá. Kò ní kó má sunkún, kò ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ibo lo kó o sí?" Ọmọbìnrin náà lọ, ó gbé báàgì Gáná-mọ́s-gó kan sọ̀ kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù. Òwú kún inú rẹ̀, funfun àti èyí tí wọ́n ti rẹ láró. Ìyá àgbà mú ìdì kan, ó gbé e sí imú, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà:

*Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá.*
*Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló,*
*ohun wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ bá wọn jẹ.*

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìyẹn nílé òkú rí. Ṣùgbọ́n ó fi tirẹ̀ tì í:

*Awunṣọ, òwú rèé o.*
*Ọmọ ò tà á, ọmọ ò fi tọrẹ,*
*ẹ̀yìn yín ló ń rò.*

Àbígbẹ̀yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ ohùn tíṣà. Mo jáde lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère aláìlórí, títí oòrùn fi wọ̀. Oṣù 11 ni ìyá ti kú.

Ohun tí a wá ṣe

Àkọ́bí bínú nígbà tí mo ní kí a pa ère tì. "Ère ni mo sanwó fún, àga lẹ fẹ́ gbé fún mi." Kò ṣẹ̀, ohun tó sọ náà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló pè é níkẹyìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì: "Ẹ ṣe ohun tí ó bá fẹ́."

Apótí ìjókòó ìyá ló fẹ́. Mo mọ ọ́ ní símẹ́ǹtì, pẹ̀lú ibi tí ìdí ti jẹ wọlé gẹ́lẹ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì, ó kọjú sí ilé. Lórí oórì fúnra rẹ̀, mo rẹ́ símẹ́ǹtì tuntun. Mo gba ògbólógbòó kíjìpá tí ìyá fi ń ró, mo rẹ ẹ́ sínú omi kó má baà lẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí símẹ́ǹtì tútù náà, mo fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan ni mo fi dúró. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a kúrò láti etí kan, àyà mi ń já pé yóò fa gbogbo rẹ̀ tu. Kò fà á tu. Gbogbo òwú ló hàn, òró àti ìbú, títí kan ojú ibi tí aṣọ ti ya tí ìyá sì ti fi abẹ́rẹ́ dí i. Fọ́nrán òwú aró kan ṣẹ́kù sínú símẹ́ǹtì. Mo fi í síbẹ̀.

Kò sí ère níbẹ̀, Alhaji sì dúró ṣe àdúrà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ omi kò tíì dé di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan sí i. Orí mi wú, mo ní kí àbígbẹ̀yìn yára parí aṣọ orí òfì kí wọ́n lè gbé e jáde lọ́jọ́ ìrántí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní híhun nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó kàn ti pa á tì ni. Ó gbìyànjú. Ó hun ún, ó tú u. Ó tún hun ún, ó tún tú u. Ọwọ́ tirẹ̀ ń fà jù, ìlà kan hàn gbangba níbi tí tìyá parí sí tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì ti í síbẹ̀. Ìyá àgbà ló gbà á sílẹ̀. Ó ní kó fi ìlà náà sílẹ̀, kó sì fi èmi àti ọjọ́ ìrántí mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún pé, aṣọ náà kò tíì kúrò lórí òfì. Ẹni tó bá fẹ́ rí i wọ yàrá ẹ̀yìn lọ.

Fún àwa oníṣẹ́

N kì í gba àsansílẹ̀ mọ́ kí n tó wọ ilé olóògbé. Ẹni tó ń sanwó kì í sábà jẹ́ ẹni tó bá òkú gbé, mo sì fẹ́ gbọ́ ti àwọn méjèèjì kí n tó gé irin. Mo máa ń béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ olóògbé kẹ́yìn: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ibo ló bá a dé, ta ló gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ béèrè ti ẹ̀sìn náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó pè yín nìkan. Bó bá jẹ́ ère ojú ni wọ́n fẹ́ dandan, ẹ fi amọ̀ mọ orí náà ná, kí ẹ gbé e fún àwọn ará ilé wò nígbà tí ó ṣì ṣeé yí padà. Kí ẹ tó gbá ọwọ́ ère pọ̀ sórí itan, ẹ béèrè bóyá ẹni náà máa ń jókòó bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bi ilé kan ní Ọ̀fà ní irú ìbéèrè yìí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n ní kí n mọ ère baba wọn bó ṣe wà nínú fọ́tò. Mo mọ ọ́ bẹ́ẹ̀, inú gbogbo wọn dùn, wọ́n sanwó pé.

Orí ìyá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, nínú àpò símẹ́ǹtì rẹ̀, pẹ̀lú gèlè ọ̀kín. Ọmọṣẹ́ mi kan fẹ́ fọ́ ọ kún òkúta ìpìlẹ̀, mo ní kó dúró. Nígbà tí mo bi àbígbẹ̀yìn, ó ní kí n má fọ́ ọ. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ de Ẹ̀gbọ́n, pé ojú tí wọ́n mọ̀ ìyá sí nìyẹn, nítorí ìgbà tí ìyá bá lọ kí wọn ní Èkó nìkan ni wọ́n máa ń rí i. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àkọ́bí. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e.